Àlejò Tó Ń Jẹ Gàrí Wa

Karmo, Àbújá
Ọjọ́ kẹrin, Oṣù Kẹfà, 2024

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ọ̀nà jíjìn. Ṣé ara yín le? Ṣé ojú tó ń dùn yín ti fúyẹ́ díẹ̀? Nafisah ọmọ mi ńkọ́? Ẹ bá mi kí i. Èmi wà ní àlàáfíà, àfi ooru àti owó omi. Ọwọ́ mairuwa, àwọn tó ń fi ọmọlanke gbé omi kiri, ni mo ti ń ra omi tí mo fi ń wẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ni mo ń wẹ̀ báyìí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé n kò ní lè wálé fún Iléyá lọ́dún yìí náà. Owó ọkọ̀ láti gáréèjì Utako dé Ògbómọ̀ṣọ́ ti di ₦22,000 nítorí ọdún. Àlọ àti àbọ̀ jẹ́ ₦44,000. Ó ku ẹgbẹ̀rún kan péré kó tó iye tí mo fi ń bọ́ ẹ̀yin àti ọmọ fún odidi oṣù kan. N kò lè jókòó sínú mọ́tò kí n jẹ oúnjẹ oṣù kan yín tán sójú ọ̀nà. Ojú ń tì mí láti kọ ọ́, nítorí ohun kan náà ni mo kọ lọ́dún tó kọjá àti lọ́dún tó ṣáájú rẹ̀.

Láti ìgbà tí fóònù yín ti bọ́ sínú kànga, n kò gbọ́ ohùn yín mọ́, n kò sì tíì ní owó òmíràn. Nítorí náà Ṣéhù onímọ́tò ni yóò máa bá wa gbé ìwé. Ọmọ Zaria ni, kò mọ àdúgbò wa, ṣùgbọ́n mo ti júwe ilé fún un, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́.

₦45,000 ló wà nínú àpò ìwé. Gàrí kóńgò mẹ́fà, ₦9,600. Ìrẹsì kóńgò mẹ́rin, ₦11,600. Èlùbọ́ kóńgò márùn-ún, ₦7,000. Epo ₦4,000, ẹja àti ata ₦6,000, ọṣẹ ₦1,300. Èyí tó kù, ₦5,500, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín ni. Ẹ má fi ọwọ́ kan ti oògùn. Bí ẹ bá ná an tán, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ bí ẹ ṣe ná an ránṣẹ́ sí mi, kí n lè mọ ohun tó gòkè.

Ọmọ yín,
Latifah


Ògbómọ̀ṣọ́
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, Oṣù Kẹfà, 2024

Latifah, Àṣàkẹ́ ọmọ mi,

Mo rí ìwé rẹ gbà àti owó tó wà nínú rẹ̀. Ó pé. Ọlọ́run yóò máa fi òmíràn dípò rẹ̀ fún ọ. Mo gbàdúrà fún ọ lẹ́yìn ìrun Iléyá, mo sì dárúkọ ọ kí n tó dárúkọ ara mi.

Ojú ńkọ́? Ti òsì ti dà bí fèrèsé tí wọ́n ta aṣọ sí. Ti ọ̀tún ló ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì, ó sì ti ń ráhùn. Nítorí náà èmi ń sọ, ẹlòmíràn ń bá mi kọ ọ́. Má jẹ́ kí ọwọ́ ìkọ̀wé yìí ṣe ọ́ ní kàyéfì.

A kò pa ohunkóhun fún ọdún. Ìyá Gàníyátù tó ń gbé ní ojúlé kejì gbé ẹran wá fún wa, ó pọ̀ ju ohun tí eyín mi lè bá jà lọ.

O ní kí n ṣírò. Gàrí tí o ní kó dé òpin oṣù tán ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Mo fi díẹ̀ nínú owó ẹja ra òmíràn. Ìrẹsì kù díẹ̀. Ọṣẹ ń yára tán ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìnáwó mìíràn jẹ́ ₦2,400. Má bi mí ní ohun tó jẹ́. Ìnáwó tó tọ́ ni, bí kò bá tọ́ n kò ní ná an.

Nafisah wà dáadáa. Ọmọ ń dàgbà. Ó ní kí n kí ọ.

Bàbá rẹ,
Àjíṣafẹ́


Karmo, Àbújá
Ọjọ́ kẹfà, Oṣù Keje, 2024

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé, ẹ sì kú ojú tó ń dùn yín. N kò ní purọ́ fún yín, ìwé yín dùn mí.

Ẹ kò mọ bí nǹkan ṣe rí ní ọjà Utako níbí tí mo ti ń tajà. Obìnrin kan wà tó ń ti Jahi, àdúgbò olówó, wá rajà lọ́dọ̀ mi. Agolo mílíìkì ńlá ló ń rà tẹ́lẹ̀, méjì lẹ́ẹ̀kan, dírẹ́bà rẹ̀ á gbé e. Onínáílọ́ọ̀nù kékeré ló ń rà báyìí, ó sì ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń ra epo ní gálọ́ọ̀nù ti sọ̀ kalẹ̀ sórí ìgò. Àwọn tó ń ra ìgò ti sọ̀ kalẹ̀ sórí èyí tí mo so sínú náílọ́ọ̀nù. Ẹ sì wò ó o: ìgò epo kan jẹ́ ₦1,500, ṣùgbọ́n náílọ́ọ̀nù mẹ́wàá ló wà nínú ìgò kan, ₦200 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kò ní ₦1,500 lẹ́ẹ̀kan ni yóò san ₦2,000 ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá. Ẹ̀rí ọkàn mi ń jẹ mí nígbà mìíràn bí mo bá ń so ó, ṣùgbọ́n bí n kò bá so ó, ẹni tó jókòó tì mí yóò so ó. Àwọn kan kò tilẹ̀ bi mí ní iye nǹkan mọ́. Ohun tí wọ́n ń bi mí ni pé, "Kí ni ₦200 lè rà?"

Inú irú ọjà bẹ́ẹ̀ ni mo ti ń rí ₦45,000 yẹn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò gàrí. Ife mẹ́wàá ló wà nínú kóńgò kan. Kóńgò mẹ́fà jẹ́ ọgọ́ta ife. Ife kan àbọ̀ fún yín lójúmọ́, ààbọ̀ ife fún ọmọ. Ó gbọ́dọ̀ tó ọgbọ̀n ọjọ́. Ogúnjọ́ péré ló lò, ìyẹn ife mẹ́ta lójúmọ́. Ta ló ń mu ife kẹta?

Mo bi Ṣéhù pé ta ló fi owó lé lọ́wọ́. Ó ní, "Omidan gíga kan ló gbà á lẹ́nu ọ̀nà. Ó wọ hìjáàbù aláwọ̀ ewé. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní Bàbá ń sùn."

Mo ní, "Ṣé kì í ṣe ọmọ kékeré kan?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Kai, Hajia, ọmọ kékeré wo? Ó ga tó ọ."

Bàbá, Nafisah kò ga ju ìbàdí mi lọ. Ọdún márùn-ún ti kọjá lẹ́yìn tí Màmá ti kú, n kò sì lè yan ẹni tí yóò bá yín gbé. Ṣùgbọ́n ẹ kò sọ fún mi, ẹ kàn ń pè é ní ìnáwó mìíràn. Oúnjẹ ẹni méjì ni mo ń rán wálé. Àlejò tó ń jẹ gàrí wa, kó lọ jẹ ti ilé bàbá rẹ̀.

Mo ti yọ ₦2,400 kúrò. ₦42,600 ló wà lọ́wọ́ Ṣéhù. Ẹ sọ fún Mukhtar ọmọ Àlùfáà, tó ń bá yín kàwé, pé kó fara balẹ̀ ka ibi ìṣirò yẹn fún yín lẹ́ẹ̀mejì.

Ọmọ yín,
Latifah


Karmo, Àbújá
Ọjọ́ kẹta, Oṣù Kẹjọ, 2024

Bàbá mi,

Ẹ̀ẹ̀mejì ni Ṣéhù ti ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé láìmú èsì bọ̀. Mo ń lọ dúró dè é ní gáréèjì, ó kàn ń mi orí láti òkèèrè kí n má bàa wulẹ̀ rìn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Mo ti ronú sí ohun tí mo kọ. Kò yẹ kí n sọ̀rọ̀ sí yín bẹ́ẹ̀. Òwò ló ń sọ ẹnu ènìyàn dà bẹ́ẹ̀, láti òwúrọ̀ di alẹ́ ni mo ń bá ènìyàn jà lórí náírà márùn-ún. Ẹ dárí jì mí. Bí ẹ bá ti gbé ẹni náà níyàwó, kí Ọlọ́run fi ìbùkún sí i. Ẹ ṣáà sọ orúkọ rẹ̀ fún mi kí n lè máa kí i nínú ìwé. Ṣùgbọ́n kó máa rọra ṣe sí Nafisah. Ọmọ yẹn kì í sọ̀rọ̀ bí nǹkan bá ń dùn ún.

₦47,400 ló wà nínú èyí. Mo ti dá ₦2,400 yẹn padà.

Ṣé ẹ ń lo oògùn? Ẹ jẹ́ kí Mukhtar kọ ìlà méjì péré. N kò sun oorun gidi láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

Latifah


Ògbómọ̀ṣọ́
Ọjọ́ kọkànlá, Oṣù Kẹjọ, 2024

Mọ́mì mi,

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Èmi Nafisah ni mo ń kọ ìwé yìí. Bàbá kò mọ̀. Wọ́n ti lọ kírun àlàásárì, Ṣéhù sì ní òun yóò dúró dè mí fún ìgbà díẹ̀.

Bàbá kò gbé ìyàwó. Kò sí obìnrin kankan nínú ilé wa. Mukhtar ti lọ sí Ìbàdàn láti èṣí, ó ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀. Èmi ni mo ń ka ìwé yín sí Bàbá létí, èmi náà ni mo ń bá wọn kọ èsì. Èmi sì ni mo gba owó lọ́wọ́ Ṣéhù. Hìjáàbù aláwọ̀ ewé yẹn, ti ilé-ìwé girama wa ni.

Lọ́jọ́ tí ìwé Oṣù Keje dé, mo kà á títí dé ibi tí ẹ ti ní kí àlejò lọ jẹ ti ilé bàbá rẹ̀. Bàbá ní, "Ṣé ó tán ni?" Mo ní kò tán. Wọ́n ní kí n kà á. Mo kà á. Wọ́n ní kí n ká a, kí n fi í sábẹ́ ìrọ̀rí. Lẹ́yìn ìrun ìṣáì ni wọ́n pè mí. Wọ́n ní, "Má dá a lóhùn. Kò mọ ẹni tó ń bá wí." Ìdí nìyẹn tí ẹ kò fi rí èsì.

Nípa gàrí, ẹ jọ̀ọ́ mà. Ebi máa ń pa mí bí mo bá ti ilé-ìwé dé. Mo ti ń dín in kù. Ṣùgbọ́n bí mo bá dín tèmi kù, Bàbá á da tiwọn kún un, wọ́n á ní àwọn ti yó.

Nípa ìnáwó mìíràn, páàdì ni. Ó bẹ̀rẹ̀ nínú Oṣù Kìíní. Mo rò pé nǹkan kan ló gé mi. Ìyá Gàníyátù ni mo sọ fún, àwọn ni wọ́n kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń lò ó, wọ́n sì lọ sọ fún Bàbá lẹ́yìnkùlé. Ojú tì mí, n kò jáde títí ilẹ̀ fi ṣú. Láti ìgbà náà, lóṣooṣù, Bàbá á fi owó lé Ìyá Gàníyátù lọ́wọ́, wọ́n á sì máa wo òkè bí ẹni pé òjò fẹ́ rọ̀. ₦1,200 ni ọ̀kan, méjì ni mo ń lò. Nígbà tí a ń kọ ìwé sí yín, èmi ni mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má jẹ́ kí n kọ ọ́ síbẹ̀. Mo rò pé ẹlòmíràn lè tú u wò lójú ọ̀nà. Èmi ni mo kọ "ìnáwó mìíràn".

Lóṣù tó kọjá, wọ́n yọ owó rẹ̀ nínú ti oògùn. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n lo àkísà, wọ́n kọ̀.

Ẹ má bá Bàbá jà mọ́. Bí oúnjẹ bá jẹ́ ti ẹni méjì, Ìyá Gàníyátù ní mo lè máa sùn lọ́dọ̀ wọn, kí n máa bá wọn ta omi tútù.

Mo ti pé ọmọ ọdún méjìlá, mà.

Ọmọ yín,
Nafisah


Karmo, Àbújá
Ọjọ́ kẹrìnlá, Oṣù Kẹjọ, 2024

Bàbá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀, n kò kúnlẹ̀. Nafisah kọ ìwé sí mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá a wí.

Inú ṣọ́ọ̀bù ni mo ti kà á. Bí mo ṣe kà á tán, obìnrin kan dé, ó ní kí n ta páàdì ẹyọ méjì fún òun. Mo ń tà á bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tó ti wọ́n ni mo ti ń tú páálí rẹ̀, tí mo ń tà á ní ẹyọ ẹyọ, nítorí àwọn obìnrin Utako kò lè ra odidi mọ́. Mo mọ iye tó jẹ́ lóṣù kìíní, mo mọ iye tó jẹ́ lónìí, mo mọ àwọn tó ń fi aṣọ dípò rẹ̀ láti ojú wọn. Ọwọ́ mi kò lè tú u lọ́jọ́ náà. Mo gbé odidi fún obìnrin náà, mo ní kó máa lọ. Ó rò pé orí mi ti yí.

Bàbá, lóṣooṣù ni mo ń yí iye gàrí padà nínú ìṣirò mi. Mo ń yí ti epo padà, mo ń yí ti ọṣẹ padà. Fún ọdún mẹ́rin, n kò yí ọmọ padà. Ààbọ̀ ife ni mo kọ síwájú orúkọ rẹ̀ nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́jọ, ibẹ̀ ni mo fi í sí. Ẹ sọ fún mi pé ọmọ ń dàgbà. Mo kà á. Mo rò pé àdúrà lẹ ń ṣe ni.

Òun ló sì ka ọ̀rọ̀ àlejò yẹn sókè. N kò mọ̀, ṣùgbọ́n èmi ni mo ní kó ka ìṣirò ife kẹta lẹ́ẹ̀mejì.

Kì í ṣe pé owó ọkọ̀ kò sí rárá. Mo ń dá àjọ láti fi gba ṣọ́ọ̀bù kan lójú títì. Mo máa ń fi owó ọkọ̀ wé oúnjẹ yín kí ẹ má bàa dá mi lẹ́bi.

Mo fẹ́ wá mú un wá sí Àbújá. Ilé-ìwé wà ní Karmo níbí. Bí bàbá rẹ̀ kò tilẹ̀ bèèrè rẹ̀ láti ọjọ́ tí a ti kọ ara wa sílẹ̀, èmi wà láàyè. Ẹ jẹ́ kó máa múra.

Oògùn yín wà lọ́wọ́ Ṣéhù, ti oṣù méjì. Oògùn fúnra rẹ̀ ni mo rà, kì í ṣe owó. ₦55,000 wà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ má kọ ìṣirò rẹ̀ ránṣẹ́.

Latifah


Ògbómọ̀ṣọ́
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, Oṣù Kẹjọ, 2024

Àṣàkẹ́,

Mo ti dárí jì ọ́. Mo ti ṣe é kí ìwé rẹ tó dé. Èmi náà jẹ̀bi. Ìtìjú ọkùnrin àgbà ni mo fi bo ọ̀rọ̀ tó yẹ kí ìyá ọmọ gbọ́. Ìyá rẹ ì bá wà, ẹnu rẹ̀ ni ì bá fi sọ ọ́, kò sí ohun tí ì bá bàjẹ́.

Ọmọ ló ka ìwé rẹ sí mi létí. Nígbà tó dé ibi kan, ó gbé ìwé náà sílẹ̀. N kò sọ fún un pé kó máa kà á lọ. Ó dìde, ó lọ gbé omi kaná.

Mo bi í bóyá ó fẹ́ lọ sí Àbújá. Ó ní òun kò fẹ́. Ó ní bí òun bá lọ, ta ni yóò máa kàwé fún mi? Mo ní kó má fi mí ṣe àwáwí. Ó wá ní, "Bàbá, kí ni Mọ́mì fẹ́ràn? Bí mo bá se oúnjẹ fún wọn tí wọn kò jẹ ńkọ́?" Ohun tí o fẹ́ràn nígbà tí o wà ní irú ọjọ́ orí rẹ̀ ni mo mọ̀. N kò mọ ti ìsinsìnyí.

Nítorí náà, má wá mú un. Wá wò ó. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ká tó sọ ọ̀rọ̀ mìíràn.

Òun ló kọ gbogbo èyí, n kò sì fi ohunkóhun pamọ́ fún un. Ó bi mí bóyá kí òun kọ ibi tó kan òun náà. Mo ní kó kọ ọ́.

Bàbá rẹ,
Àjíṣafẹ́


Karmo, Àbújá
Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, Oṣù Kẹjọ, 2024

Nafisah, ọmọ mi,

Ìwọ ni mo kọ èyí sí. Bí o bá fẹ́ kí Bàbá gbọ́, kà á fún wọn. Bí o kò bá fẹ́, má kà á.

Ìwọ kì í ṣe àlejò. Èmi ni mo kọ ọ̀rọ̀ burúkú yẹn, n kò sì lè fi owó rà á padà, bí ó ti wù kí n ṣírò rẹ̀ tó. Jẹ gàrí títí tí wàá fi yó.

Mo ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé pẹ̀lú mọ́tò Ṣéhù. N ó lo ọjọ́ mẹ́rin. N kò ní sọ̀rọ̀ Àbújá sí ọ létí àyàfi tí ìwọ bá dá a sílẹ̀. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọ lóṣooṣù, kì í ṣe ohun ìtìjú. Mo fẹ́ kí o sọ ọ́ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀, bí o ṣe sọ ọ́ fún Ìyá Gàníyátù. N ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn pẹ̀lú.

Lánàá mo dúró síwájú ọjà ara mi, mo fẹ́ yan nǹkan tí n ó mú wá fún ọ. Mo gbé bísíkíìtì, mo dá a padà. Mo gbé ìpara, n kò mọ èyí tí ara rẹ ń fẹ́. Mo dé ọ̀dọ̀ oníbàtà, ó bi mí ní nọ́ńbà ẹsẹ̀ rẹ. Mo sọ fún un pé n ó padà wá. N kò mọ̀ ọ́n, Nafisah.

Nítorí náà ọwọ́ òfìfo ni n ó fi wá. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, mú mi lọ sí ọjà, kí ìwọ máa ṣáájú, kí n máa tẹ̀ lé ọ. Ohun tí o bá nawọ́ sí ni a ó rà. Bí o bá gbọ́ tí mo ń ná ọjà, tí mo ń bèèrè èló ni, má gbé e sílẹ̀. Ẹnu mi ni kò tíì lè jáwọ́. Di ohun tí o bá mú mú.

Ìyá rẹ,
Latifah